Akísà Tí A So Mọ́ Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ ń bi mí léèrè bí a ṣe ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ fà á nígbà tiwa, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ọwọ́ ológun ni ìjọba wà. SAP, ètò tí ìjọba fi ní ká fún ìgbànú mọ́ra, ti wọlé, ó ti tú ọ̀pọ̀ èèyàn síhòòhò, ẹni tó bá sì ríṣẹ́ kì í fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìkòtún kò tíì kún tó báyìí. Téèyàn bá kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá tó ń lọ sí Ìgándò, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì, àfi ilé kọ̀ọ̀kan tí àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ́ díẹ̀díẹ̀. Àárín igbó yẹn ni iléeṣẹ́ wa wà, ilé gàgàrà onípáànù kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike, kọ́ọ̀bù, garawa àti báàfù. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti kógbá sílé, àwọn tó ni ín sì ti kó lọ síbi tí n kò mọ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Mo ka iléèwé mọ́dà, mo mọ̀wé kọ, ẹnu mi sì máa ń yá ju bó ṣe yẹ lọ. Sẹ́kítárì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, débi pé àwọn mìíràn kò mọ̀ pé Dúpẹ́ lorúkọ mi. Ọmọ Èkìtì ni mí, tíṣà ni ọkọ mi, yàrá kan la sì ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá pẹ̀lú ọmọ méjì. Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìdí tábìlì. Ẹ̀rọ kẹrin lápá òsì ni tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó ní ẹnu irin méjì tó máa ń pàdé. Bí wọ́n bá pàdé, ike gbígbóná tó ti yọ́ á ṣàn sáàárín wọn. Bí wọ́n bá yà, abọ́ ti dúró síbẹ̀, wàá na ọwọ́ mú un jáde. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà níwájú ẹnu náà, bọ́tìnnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Níwọ̀n ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, bọ́tìnnì yẹn kò ní jẹ́ kí irin pàdé, àfi tó o bá tì í padà. Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n yẹn sórí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ṣíṣí àti títì yẹn ń gba àkókò, iye abọ́ tí wọ́n sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lóòjọ́ kò lè pé bí èèyàn bá ń ṣí tó ń tì. Ohun tí a wá ń ṣe ni pé a ó mú akísà, a ó fi so bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ lè rò pé ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ìlẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí gbayawu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, irin á máa pàdé, á máa yà, ọwọ́ wa á sì máa wọlé, á máa jáde láàárín rẹ̀.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká so akísà. Fọ́máànù wa, ọkùnrin kan tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ kan ní Shasha, á kàn rìn kọjá lẹ́yìn wa, á ní, "Ẹ jẹ́ kó máa sáré o, ẹ̀yin èèyàn mi," á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí kò bá so ó, iye abọ́ rẹ̀ kò ní pé, wọ́n á sì pè é lọ́lẹ níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Ajé. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ẹ ń bọ̀wọ̀ fún yìí, gèlè mi tó ti gbó ni mo ya fi so tèmi. Èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń ta kókó rẹ̀ tí kò fi ní tú. Mùfútáù wà lára àwọn tí mo kọ́.

Bí ẹ̀rọ bá gé èèyàn lọ́wọ́, ohun tí iléeṣẹ́ máa ń ṣe kì í yí padà. Wọ́n á gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á sì ra ajá. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà láàárín wa, Bàbá Ògúndélé, Àwórì ọmọ Ìkòtún, òun ló ń fi gíríìsì sí àwọn ẹ̀rọ. Ìdílé tó ń bọ Ògún ni wọ́n ti bí i, òun ni wọ́n sì máa ń pè kó wá bá iléeṣẹ́ bẹ Ògún. Á pa ajá, á ta ẹ̀jẹ̀ sí ìdí ẹ̀rọ tó ṣọṣẹ́, wọ́n á se ẹran, iṣẹ́ á sì parí lágogo méjìlá ọjọ́ náà. Àwọn ará Oǹdó wa kì í fi ẹran yẹn ṣeré rárá. Fún àwa tí a kì í jẹ ẹ́, wọ́n á pín bisikíìtì àti mínírà. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, akísà á tún wà lára ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tí yóò dárúkọ ẹni tó farapa mọ́. Lójú wa, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀jẹ̀ ti kan ilẹ̀, a ti jẹ, a ti mu, ta ló tún máa dìde pé òun ní ẹjọ́? Ilé ni mo máa ń gbé bisikíìtì tèmi lọ fún àwọn ọmọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀sán ni ti Mùfútáù ṣẹlẹ̀. Oòrùn mú, páànù orí ilé ń dún. Mùfútáù kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó gùn, ó lẹ́fẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó gbé Ráfátù níyàwó. Abọ́ kan há sẹ́nu ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti yọ ọ́, irin sì pàdé. Igbe kan ṣoṣo ló ké. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé lẹ́yìn igbe yẹn ó dákẹ́, ó wo ojú mi, ó ní, "Sẹ́kítárì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i." Ohùn tó fi sọ ọ́ dà bíi ti ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Bàbá Ògúndélé ló sáré mú irin gbọọrọ kan tó fi fa ẹnu ẹ̀rọ ya. Ìka mẹ́rin ló lọ. Àtàǹpàkò nìkan ló kù lọ́wọ́ náà.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan lọ́nà Ìdímù la gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó tì í, Ráfátù ń fún un ní ògì mu, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè wọlé. Òun ni máníjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ kì í rún, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì máa ń fi sọ ọ̀rọ̀ búburú. Ó gbé ọsàn lọ́wọ́ kan. Lọ́wọ́ kejì, ó mú ìwé kan àti páàdì yíǹkì dání.

"Mùfútáù, pẹ̀lẹ́ o. Iléeṣẹ́ ò ní fi ẹ́ sílẹ̀. A máa sanwó dókítà, a sì máa fún ẹ ní nǹkan díẹ̀ tí wàá fi tọ́jú ara. Kàn bá mi tẹ ìka síbí yìí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà nínú ìwé yẹn?"

"Sẹ́kítárì, o wà níbí? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ jàre. Ètò iṣẹ́ lásán ni."

Mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sókè kí Ráfátù náà lè gbọ́. Ó wà níbẹ̀ pé àìfarabalẹ̀ Mùfútáù fúnra rẹ̀ ló gé e lọ́wọ́. Ó wà níbẹ̀ pé òun nìkan ló dá so bọ́tìnnì ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ohunkóhun tí iléeṣẹ́ bá sì fún un, àánú ni, kò ní béèrè nǹkan kan mọ́, kò sì ní padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mùfútáù gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

"Ọ̀gá," ó ní, "mo mọ̀wé kọ díẹ̀. Mi ò fẹ́ẹ́ tẹ̀ka. Mo fẹ́ẹ́ kọ orúkọ mi."

Inú Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè dùn. "Ìyẹn gan-an ló dáa. Gba bírò."

"Ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé ṣì wà lọ́dọ̀ yín níléeṣẹ́. Ẹ lọ bá mi gbé e wá kí n fi kọ ọ́."

Ráfátù bú sẹ́kún. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè ká ìwé rẹ̀, ó ní òun á padà wá bí ara bá balẹ̀. Ó fi ojú pè mí síta. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé, "Dúpẹ́, ọmọ ilé ire ni ẹ́, má kó ara ẹ sí wàhálà. Ta ló kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń so akísà? Àbí o rò pé mi ò mọ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá la ẹnu pé akísà ló fà á, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Bí mo bá sì dákẹ́, wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba pé Mùfútáù ló ṣe ara rẹ̀ léṣe. Nígbà yẹn, òfin ti wà pé bí òṣìṣẹ́ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ ọ́ fún ìjọba, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún un. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé yẹn pé ó fa ìpalára lè ba ẹ̀tọ́ onítọ̀hún jẹ́ pátápátá. Kì í ṣe ìka mẹ́rin nìkan ni Mùfútáù fẹ́ẹ́ pàdánù. Wọ́n fẹ́ kó tún ru ẹ̀bi rẹ̀ lọ sílé, láìsí iṣẹ́, láìsí ọwọ́ tó máa fi wá òmíràn.

Nígbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ajá ti wà nílẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ òpó nítòsí géètì, ajá pupa kan tó rù, tó ń ju ìrù sí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Wọ́n ti kó igi ìdáná jọ. Wọ́n ti gbé páálí bisikíìtì sílẹ̀. Lágogo mẹ́wàá, wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ, a sì péjọ síwájú ẹ̀rọ Mùfútáù bí a ti máa ń ṣe.

Bàbá Ògúndélé dé. Aṣọ iṣẹ́ tó kún fún gíríìsì ló wọ̀, kò sì mú ọ̀bẹ dání. Ó rìn yí ẹ̀rọ ká lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan akísà tó ṣì wà lára bọ́tìnnì. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i lára.

"Ta ló so èyí?" ó béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tá a wá ṣe. Iṣẹ́ ń dúró."

"Ọ̀gá, gíríìsì niṣẹ́ tẹ́ ẹ gbà mí sí. Ògún, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti bá a, ẹ ò sanwó rẹ̀ fún mi. Ajá yìí ò ní kú lónìí."

"Bàbá, ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ògún ńkọ́?"

"Ògún ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín! Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí fi ìlẹ̀kùn sí i. Irin ni ìlẹ̀kùn, irin ni bọ́tìnnì. Ti Ògún nìyẹn. Akísà kì í ṣe ti Ògún. Ẹ fi akísà di Ògún lójú, ó sì ṣèèṣì ṣá ọmọlọ́mọ, ẹ wá ń fi ajá bẹ̀ ẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ó yíjú sí wa. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa ajá níbí. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti pa àkọ́kọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Ó ku tiyín. Mo tún bèèrè o, ta ló so ó?"

Mo rántí àwọn ọmọ mi méjèèjì. Mo rántí pé oṣù kẹta rèé tí wọn kò tíì sanwó fún àwọn tíṣà. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè, òun náà ń wò mí, ó sì rọra mi orí. Bóyá mímì orí yẹn ló mú inú bí mi. Mo kórìíra kí èèyàn máa mi orí sí mi bí ẹni ń kìlọ̀ fún ewúrẹ́.

"Èmi ni mo kọ́ Mùfútáù bí wọ́n ṣe ń so ó," mo ní. "Mo so tèmi náà. Ó wà lára ẹ̀rọ kẹrin báyìí."

Mo rìn lọ síbẹ̀. Kókó tí mo ta fúnra mi kò tètè tú. Nígbà tó tú, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Kò sẹ́ni tó mira. Mo rò pé mo ti dá ara mi lẹ́jọ́ lásán. Ìgbà tó yá ni ọkùnrin ará Oǹdó kan tó wà ní ẹ̀rọ kẹsàn-án rìn lọ sídìí tirẹ̀, ó ní, "Èmi náà so ó o. Ẹran ajá ò sì wù mí jẹ lónìí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò dúró de ara wọn mọ́. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Lọ́jọ́ yẹn, a rìn pọ̀. Akísà méjìlélógún la tú lára ẹ̀rọ méjìlélógún.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní ká ti géètì pa, ká dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo kọ̀. Ìgbà ológun ni, iṣẹ́ táwọn sójà máa fẹ́ràn jù ni kí wọ́n wá fi kòbókò lé wa kúrò níbẹ̀, kí iléeṣẹ́ sì gba àwọn mìíràn lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́," mo ní. "Àmọ́ ká ṣe é bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ṣe ní ká máa ṣe é. Ká ṣí, ká tì. Ká ṣí, ká tì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ so nǹkan kan mọ́ ọn."

Mo ní kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ sára akísà rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, mo bá a kọ ọ́. Ti Mùfútáù, Bàbá Ògúndélé fúnra rẹ̀ ló tú u. A kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, mo sì gbé e lọ sílé. Bàbá tú ajá náà sílẹ̀. Ajá kọ̀, kò lọ, ó ń tẹ̀ lé e kiri láàárín ẹ̀rọ títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ọkọ mi bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ sí pé èmi náà so akísà, ó dúró.

"Dúpẹ́, tí wọ́n bá lé ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n á lé mi náà ni."

"Ṣé ká yọ ibí yìí kúrò?"

"Tá a bá yọ ọ́, kí ló wá kù nínú lẹ́tà yẹn? Irọ́ tiwọn, irọ́ tiwa."

Ó da lẹ́tà náà kọ tónítóní. Ọkọ dáadáa ni, Ọlọ́run á fún un ní ìsinmi.

Bí a ṣe ń ṣí tí a ń tì, iye abọ́ já sí ìdajì. Àwọn oníbàárà tó wá kó ọjà láti Ìkòtún àti Agége ń bínú lẹ́nu géètì. Fọ́máànù ń lọ, ó ń bọ̀, òógùn ń bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi." A ó dá a lóhùn pé, "Ó ń rìn, sà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún." Wọ́n pe àwọn kan nínú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣèlérí ipò fún wọn, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè tún padà sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti pín ara wa, Ráfátù tàbí ẹnì kan nínú wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mùfútáù nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ á lọ gba ipò Ráfátù, kí ọmọ yẹn lè sùn díẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni ẹni tí ìjọba rán dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì yára. Ó wo àwọn ẹ̀rọ, kò rí akísà kankan, gbogbo ìlẹ̀kùn ń ṣí, ń tì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí gbogbo wa kóra jọ sínú kántíìnì. Mùfútáù wá, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ráfátù dì í mú.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ àwọn pé, ìlẹ̀kùn wọn pé. Bí Mùfútáù bá so nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn àwọn, òun ló mọ̀. Fọ́máànù ní òun kò rí akísà lára ẹ̀rọ rí.

Mo gbé àpò ìrẹsì sórí tábìlì, mo sì dà á. Ẹ bá rí ohun tó jáde níbẹ̀! Àǹkárá tó ti ṣá, síńgílẹ́ẹ̀tì, apá yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, ìdajì aṣọ ìnura, gèlè mi. Ẹni tí ìjọba rán ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ ara wọn, ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ á ní, "Èmi nìyẹn, sà."

Ó bọ́ awò rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu yín lẹ fi ń dá ara yín lẹ́bi?"

"A mọ̀, sà," mo ní. "A jẹ̀bi tiwa. Àmọ́ ẹ bá wa bi fọ́máànù léèrè. Akísà méjìlélógún, lójoojúmọ́ ayé, òun tó ń rìn láàárín wa láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ṣé afọ́jú ni?"

Fọ́máànù tún ní òun kò rí nǹkan kan. Nígbà náà ni Bàbá Ògúndélé dìde. Ó yọ sípánà kan lápò, ó ní, "Irin lèmi fi ń búra, sà." Ó fi sípánà náà kan ètè rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni fọ́máànù ń rí akísà. Ó ti bá mi tún ọ̀kan so rí nígbà tó tú. Bí mo bá purọ́, kí Ògún bá mi jà." Ó wá gbé sípánà lé orí tábìlì níwájú fọ́máànù. "Ó kàn ẹ́."

Alàgbà ìjọ ni fọ́máànù. Ó lè ní Bíbélì lòun máa fi búra, kò sí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ sípánà yẹn bí ẹni pé ó fẹ́ẹ́ dìde gbá a.

"Wọ́n á bá ẹ wá Bíbélì tó o bá fẹ́," ni Bàbá wí. "Ṣé irọ́ kan náà lo máa pa fún méjèèjì?"

Fọ́máànù fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Wọ́n ní bí iye abọ́ bá fi lè dín, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé," ó ní. "Mo mọ̀. Gbogbo wa lókè níbẹ̀ la mọ̀. Mùfútáù, dákun, má bínú sí mi. Èmi náà bímọ." Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè ń to ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń tò ó.

Ẹni tí ìjọba rán kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó parí, Mùfútáù ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ibi tẹ́ ẹ kọ nípa tèmi." Ó kà á pé ẹnu iṣẹ́ ni Mùfútáù ti farapa, nídìí ẹ̀rọ tí ààbò rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀ sí i. Mùfútáù ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ó ní òun á fọwọ́ sí i. Ọwọ́ òsì ló fi mú bírò, kò tíì fi kọ nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó kọ orúkọ rẹ̀ tán, ó sì wọ́ bí ìwé ọmọ jélé-ó-sinmi, àmọ́ gbogbo wa dúró, kò sẹ́ni tó ní kó yára.

Ohun tí a rí gbà nìyí. Wọ́n san ohun tí òfin ní kí wọ́n san fún Mùfútáù. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Wọ́n gbà á padà sídìí sítọ́ọ̀, ó sì di ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé dáadáa ju bí mo ṣe ń fi ọ̀tún kọ ọ́ lọ. Wọ́n dín iye abọ́ ojoojúmọ́ kù, títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ tún gé.

A pàdánù náà. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n fi sọ fún Bàbá Ògúndélé pé ó ti dàgbà jù. Wọ́n lé fọ́máànù, mo sì kọ́kọ́ yọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn tó fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kò kúrò lórí àga wọn. Kí ọdún tó parí, wọ́n ní àwọn fẹ́ẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ mi ló sì wà lókè pátápátá. Àwọn èèyàn béèrè lọ́wọ́ mi nígbà náà bóyá mo kábàámọ̀. N kò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ níwájú ẹ̀rọ yẹn títí di òní.

Ohun tí mo kábàámọ̀ yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé mi, obìnrin kan kàn mí nílẹ̀kùn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Láti Ayọ̀bọ̀ ló ti rìn wá, eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìborùn bo ọwọ́ òsì. Ó ní, "Ẹ kú ilé, Sẹ́kítárì. Ṣé ẹ dá mi mọ̀?" Mo mọ ojú rẹ̀, n kò rántí orúkọ. Ó ṣí ìborùn. Ìka mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú Mùfútáù, ẹ̀rọ kan ní òdìkejì tèmi ló gé e, èmi náà ni mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà yẹn.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó gbà-má-bínú yẹn," ó ní. "Mo ní kí n wá béèrè bóyá ẹ lè bá mi kọ tèmi náà."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú un lọ sí Ìkẹjà. Wọ́n ní kò sí ìwé kankan nípa rẹ̀, ọjọ́ ti kọjá, kò sì sí ẹlẹ́rìí tó kọ̀wé nígbà náà. Ìwé kan ṣoṣo tó wà ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ka sí lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo bi í léèrè, inú sì ń bí mi díẹ̀, pé kí ló dé tó tẹ̀ka sí ohun tí kò lè kà.

Kò bínú. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Sẹ́kítárì dé ná. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi retí yín. Ẹ ò wá."

Bọ́lá Ajíbádé lorúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kò kọ ọ́ síbì kankan, ìjọba kò kọ ọ́, èmi tí wọ́n yàn ní akọ̀wé náà kò kọ ọ́. Mo kọ ọ́ báyìí.